Ta ló bá a gbé omi? Àwọn tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń dá aṣálẹ̀ rìn

Lórí ilẹ̀ gíga Kétu níbí, kò sẹ́ni tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa pé omi ṣòro. Ilẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa dára fún àgbàdo, ó dára fún ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà, ṣùgbọ́n omi jìn gan-an nísàlẹ̀ rẹ̀. Odò Wẹ̀mẹ̀ wà lápá ìwọ̀ oòrùn, kò sún mọ́ ìlú. Kí ẹ̀rọ omi tó dé, omi òjò ni wọ́n ń gbè sínú ìkòkò ńlá àti sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sí àgbàlá, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì gùn jù, àwọn ìyá wa ló ń gbé igbá rù tí wọ́n ń wá a lọ sọ́nà jíjìn. Nítorí náà, tí ọmọ Kétu bá gbọ́ pé òyìnbó kan fẹsẹ̀ rin aṣálẹ̀ Sàhárà já, níbi tí kò ti sí kànga kan ṣoṣo fún 900 kìlómítà, kì í ṣe pé bóyá ọkùnrin náà láyà ló kọ́kọ́ máa bèèrè. Ohun tó máa bèèrè ni pé: ta ló bá a gbé omi?

Ìbéèrè yẹn la mú bọ orí ojú ìwé wa lọ́tẹ̀ yìí. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù ni Théodore Monod, ẹni tí àwọn tó ń sọ èdè Faransé fi ṣe baba àwọn arìnrìn-àjò aṣálẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan Kétu ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, a ó débẹ̀.

Ẹja ló wá wò

Ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1902 ni wọ́n bí Monod, ní ìlú Rouen nílẹ̀ Faransé. Pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀, Wilfred Monod. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ó wọ iṣẹ́ ní Muséum national d'histoire naturelle ní Paris, ẹ̀ka tó ń rí sí ẹja àti ohun abẹ̀mí inú òkun. Iṣẹ́ ẹja yìí ló gbé e wá sí etíkun Mauritania ní 1922, sí Port-Étienne, èyí tí wọ́n ń pè ní Nouadhibou lónìí. Nígbà tí iṣẹ́ parí ní 1923, ọkọ̀ ojú omi ló yẹ kó wọ̀ padà. Kò wọ̀ ọ́. Ó tẹ̀ lé àwọn oníràkúnmí, ó gba inú iyanrìn lọ sí Saint-Louis ní Senegal. Ẹja ló wá wò, aṣálẹ̀ ló gba ọkàn rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, kò fi Sàhárà sílẹ̀ mọ́. Ó kọ ìwé kan lórí ìrìn rẹ̀, Méharées, tó jáde ní 1937. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló dé Dakar láti wá darí Institut français d'Afrique noire, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí IFAN, ó sì wà nípò náà títí di 1965. Ó ti dàgbà púpọ̀, ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, síbẹ̀ ó ṣì ń lọ sí aṣálẹ̀. Ẹni ọdún 98 ni nígbà tó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2000.

Èyí ni ohun tí ẹ máa rí káàkiri nípa rẹ̀. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni bí ìrìn náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Majâbat al-Koubrâ

Níbi tí ìlà-oòrùn Mauritania ti wọ Mali, ilẹ̀ kan wà tó jẹ́ iyanrìn lásán, tí ẹnikẹ́ni kì í gbé inú rẹ̀. Monod ló mú orúkọ Majâbat al-Koubrâ padà wá fún un, látinú ìwé al-Bakrî, ọ̀mọ̀wé Lárúbáwá kan tó kọ̀wé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá. Ní ìparí ọdún 1954, ó gbéra láti Ouadane ní Mauritania, ó forí lé Araouane tó wà ní àríwá Tombouctou. Nǹkan bí 900 kìlómítà ni, kò sí kànga lójú ọ̀nà, kódà ojú ọ̀nà gan-an ò sí. Kí ẹ lè mọ bó ṣe gùn tó: láti Kútọnù dé Malanville, èyí tó jẹ́ etíkun dé bodè Niger, kò pé 750 kìlómítà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí onílé ṣe ń ṣírò omi ẹ̀ẹ̀rùn. Ràkúnmí tó di ẹrù ń rin nǹkan bíi 4 kìlómítà ní wákàtí kan. Tí wọ́n bá rin wákàtí 10 lójúmọ́, 40 kìlómítà nìyẹn, ọ̀nà náà á gbà tó ọjọ́ 23. Ká ní èèyàn mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 5 lójúmọ́, tó fi mọ́ ti oúnjẹ. Ó di lítà 460. Tí ẹ bá pín in fún ràkúnmí, bí 150 kílò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ò gbà á tán, ẹ ó nílò ìkẹrin. A ò tíì ka oúnjẹ, a ò ka igi ìdáná, a ò ka àwọn òkúta àti ewéko tí ọ̀gá ń ṣà kó sínú àpò bó ṣe ń lọ. (Ó ń ṣà wọ́n o! Onímọ̀ ẹ̀dá ni, kò lè rí òkúta kó má bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó.)

Inú awọ ewúrẹ́ ni omi náà máa ń wà. Wọ́n á bó o lódindi, wọ́n á dì í lẹ́sẹ̀ àti lọ́rùn, wọ́n á fi ọ̀dà pa inú rẹ̀ kó má bàa jò. Awọ yìí máa ń mú omi tutù nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń làágùn, ṣùgbọ́n ohun tó ń làágùn ń dín kù. Àpò kan tó fi ara gbún òkúta lóru tí ẹnikẹ́ni ò rí i, omi ọjọ́ kan gbáko ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹnì kan wà tó jẹ́ pé kó máa fọwọ́ kan àpò lọ́kọ̀ọ̀kan ní alẹ́ àti ní òwúrọ̀ ni, kó máa rán èyí tó ya, kó máa yí èyí tí oòrùn ń pa. Èèyàn kì í gbọ́ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí rédíò.

Àwọn ràkúnmí ńkọ́? Wọn kì í mu nínú omi yìí. Ìdí tí wọ́n fi ń yan oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní nìyẹn, nígbà tí òtútù ń mú. Tí òtútù bá wà, tí ràkúnmí sì rí koríko tútù jẹ lójú ọ̀nà, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìmu omi. Nígbà ooru, kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tí koríko wà lọ́dún náà? Ta ló mọ ràkúnmí tó máa lè dé ibẹ̀ àti èyí tó ń díbọ́n pé ara òun le? Monod ní kọ́ńpáàsì, ó ní aago, ó ń ka wákàtí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ti koríko àti ti ràkúnmí, ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ló wà: amọ̀nà tó ń wo àwọ̀ iyanrìn, àti àwọn darandaran tó ń tú ẹrù kalẹ̀ lálẹ́, tí wọ́n ń so ẹsẹ̀ ràkúnmí kó má bàa rìn jìnnà, tí wọ́n tún ń di ẹrù padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí, ẹ ò rí i?

Ní agbègbè yẹn, àwọn ọdẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Nemadi, tí wọ́n ń fi ajá dọdẹ àgbọ̀nrín aṣálẹ̀ ní etí Majâbat. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú wa kò ní ṣòro fún láti mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Nígbà tí ọba Ẹdẹ ń kó àwọn èèyàn rẹ̀ bọ̀ láti Arò, àwọn àgbà sọ pé ọdẹ ló mọ̀nà, ọdẹ tó ti ń lọ tó ń bọ̀ kí ọba tó ronú àtikúrò. Alálumọ̀n ni wọ́n ń pe ọdẹ náà, orúkọ rẹ̀ kò sì sọnù ní Kétu. Ọba ló dé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn tiwa dárúkọ ẹni tó mú un dé.

Ẹni tó dá nìkan lọ lóòótọ́

Àwọn kan á ní Monod kì í ṣe ẹni tó dá rìn, torí pé ó ní ìjọba lẹ́yìn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá mú ẹni tí kò ní ìjọba rárá.

René Caillié, tí wọ́n bí ní Mauzé nílẹ̀ Faransé ní 1799, ọmọ òtòṣì ni, kò ní bàbá olówó, kò ní ìwé púpọ̀. Ẹgbẹ́ onímọ̀ jíọ́gíráfì ti Paris, Société de géographie, kéde ẹ̀bùn 10,000 fránkì fún ẹni tó bá dé Tombouctou tó sì padà wá ròyìn. Caillié lọ bẹ àwọn aláṣẹ ní Senegal kí wọ́n fún òun lówó ọ̀nà, wọ́n kọ̀. Ó gba Freetown lọ, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe aró ẹ̀lú, ó tọ́jú nǹkan bíi 2,000 fránkì. Ó ti gbé láàárín àwọn Mọ́ọ̀ Brakna kó tó dìgbà yẹn, ó kọ́ èdè Lárúbáwá àti Kùránì lọ́dọ̀ wọn. Ó wọ aṣọ Mùsùlùmí, ó ní ọmọ Íjíbítì lòun, àwọn Faransé ló kó òun nígbà tóun wà lọ́mọdé, òun ń wá ọ̀nà ilé òun. Ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1827 ló gbéra ní Kakondy, nítòsí Boké ní Guinea, ó sì wọ Tombouctou ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1828.

Ìtàn pé ó "dá lọ" kì í ṣe irọ́. Kò sí òyìnbó kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀nà náà ṣe rí. Àwọn oníṣòwò Màdíńgò ló tẹ̀ lé láti ìlú dé ìlú, abẹ́ ààbò wọn ló wà. Nígbà tó dé Tiémé, tó wà ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kẹ̀, àìsàn àìjẹ ewébẹ̀ sì bá a fínra débi pé ẹran ẹnu rẹ̀ ń já. Ó lo oṣù márùn-ún níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan, ìyá ẹni tó gbà á sílé, ló ń se omi ìrẹsì fún un, ló ń wá egbòogi fún un, títí ó fi lè dìde. Caillié fúnra rẹ̀ kọ nípa oore ìyá náà sínú ìwé rẹ̀. Ní Tombouctou, Sidi Abdallahi Chebir ló fún un nílé gbé tó sì ń bọ́ ọ. Nígbà tó fẹ́ la Sàhárà kọjá ní oṣù karùn-ún, tí ooru ń jó gan-an, àárín ọ̀wọ́ ràkúnmí àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí Tafilalt ní Morocco ló wà. Nígbà tó dé Tangier ní oṣù kẹsàn-án, tó ti rí bí alágbe, aṣojú ilẹ̀ Faransé níbẹ̀, Delaporte, ló fi í pa mọ́ tó sì wá ọkọ̀ ojú omi fún un.

Ẹ yọ ìyá Tiémé yẹn kúrò nínú ìtàn yìí, kò sí Caillié mọ́. Àwa ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé òyìnbó ni òun ń tọ́jú. Àlejò tó ń ṣàìsàn ló rí. Paris san 10,000 fránkì náà fún Caillié, wọ́n sì fún un ní oyè. Ó kú ní 1838.

Alexander Gordon Laing, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ti dé Tombouctou ṣáájú rẹ̀ ní 1826, kò fi ẹni tó jẹ́ pa mọ́, wọ́n sì pa á nígbà tó ń padà.

Àwọn ti ìgbà tiwa

Ní 1972, òǹkọ̀wé ará Britain kan, Geoffrey Moorhouse, ní òun máa dá Sàhárà rìn láti etí òkun Atlantic dé odò Nile, láti fi bá ẹ̀rù tó wà nínú òun jà. Òun náà gba amọ̀nà, ó pààrọ̀ wọn lójú ọ̀nà, àwọn kan bá a rẹ́, àwọn kan kò bá a rẹ́. Àwọn ràkúnmí rẹ̀ kú, ó fẹsẹ̀ rin èyí tó pọ̀. Ó rin ohun tó lé ní 3,000 kìlómítà kó tó dúró ní Tamanrasset ní 1973. A fẹ́ràn ìwé tó kọ, The Fearful Void, nítorí pé kò bo ìjà mọ́lẹ̀: ẹ ó rí i nínú rẹ̀ pé ẹni tó gba amọ̀nà kì í sábà mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ òní, ẹni tó bá ní òun ń dá aṣálẹ̀ rìn ní fóònù tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Ẹnì kan wà nílé tó ń wo ibi tó dé lórí máàpù lálaalẹ́, ẹnì kan ti lọ gba físà, awakọ̀ kan ti lọ gbẹ́ iyanrìn, ó ri gálọ́ọ̀nù omi mọ́lẹ̀ dè é, dókítà kan ń dáhùn ìpè. Àwa ò rí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ohun tó ń bí wa nínú ni fọ́tò tí wọ́n máa ń tẹ̀: ọkùnrin kan, iyanrìn, kò sí ẹlòmíì. Ẹni tó di kámẹ́rà mú ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Kétu

Ẹ jẹ́ ká padà sí Monod àti iléeṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1954, Mauritania, Sudan Faransé tó ti di Mali, àti Dàhòmì tiwa, abẹ́ ìjọba amúnisìn kan náà ni gbogbo wọn wà, Dakar sì ni olú ìlú. Ìyẹn ni pé nígbà tí Monod gbéra ní Ouadane tó sì sọ̀ ní Araouane, kò kọjá bodè kankan. Àwọn aláṣẹ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà àti àwọn tó wà ní òpin rẹ̀, ọ̀gá kan náà ni wọ́n ń sìn. Ìwé àṣẹ, owó ràkúnmí, owó oṣù, inú àpò yìí ni wọ́n ti ń wá. Ìyàwó rẹ̀, Olga Pickova, àtàwọn ọmọ wọn mẹ́ta náà wà nínú àwọn tó wà lẹ́yìn ìrìn náà, àwọn tó ń dúró de lẹ́tà.

IFAN yìí kan náà ló fún Pierre Verger lówó ìwádìí. Paris ni wọ́n ti bí Verger, ní 1902 bíi ti Monod, iṣẹ́ fọ́tò ló ń ṣe. Ó ti gbé ní Bahia ní Brazil, níbi tí àwọn olóòṣà ti ń sọ pé "orílẹ̀ Kétu" làwọn, ó sì fẹ́ wá mọ ibi tí orúkọ yẹn ti ṣẹ̀. Ìparí 1948 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Dàhòmì. Fọ́tò ló rò pé òun máa fi ránṣẹ́ sí Dakar. Monod ní rárá, fọ́tò nìkan kò tó, kó jókòó kọ ohun tó gbọ́. Verger kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ìwé kíkọ nígbà yẹn. Ọ̀gá ló fipá mú un. Ní 1953, ní Kétu níbí, àwọn babaláwo tẹ̀ ẹ́ nífá, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí.

Ìwé ńlá tó ti ibẹ̀ jáde, Notes sur le culte des Orisa et Vodun, Dakar ló ti jáde ní 1957. Òun ni nọ́ńbà 51 nínú ọ̀wọ́ ìwé Mémoires de l'IFAN. Nọ́ńbà 52, tó jáde ní 1958, ni ìwé Monod lórí Majâbat al-Koubrâ. Orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n wà, wọ́n fara kanra: ọ̀kan lórí òòṣà tó ti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Bahia, ọ̀kan lórí iyanrìn tí kò ní omi. Orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ló wà lára èèpo ìwé. Bí amọ̀nà ṣe wà lẹ́yìn nọ́ńbà 52, bẹ́ẹ̀ ni babaláwo àti ìyálóòṣà wà lẹ́yìn nọ́ńbà 51, àwọn tó jókòó lórí ẹní tí wọ́n ń pe oríkì ní ẹsẹẹsẹ fún ẹni tó ń kọ ọ́. Àwọn ìdílé kan wà ní Kétu tó mọ̀ pé bàbá wọn bá Fátúmbí sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ kọ orúkọ bàbá yín sílẹ̀ nísinsìnyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé, kí ẹ kọ ibi tó gbé àti ohun tó máa ń sọ.

Ẹrù tí kò dé

Ohun kan ṣì kù, òun ló wú wa lórí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1964, nínú Majâbat kan náà, Monod dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Ma'den Ijâfen. Ẹrù ọ̀wọ́ ràkúnmí kan wà níbẹ̀ nínú iyanrìn, tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá. Ọ̀pá idẹ ni, bí 2,000, tí wọ́n dì ní ìdì ìdì. Owó ẹyọ wà lára ẹrù náà.

Owó ẹyọ yẹn, inú òkun ìlà-oòrùn níbi erékùṣù Maldives ni irú rẹ̀ ti ń wá, wọ́n gbé e gba ilẹ̀ Lárúbáwá kọjá, wọ́n sì ń gbé e bọ̀ ní gúúsù. Ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n kọjú sí, sí àwọn ọjà tó ń lo idẹ àti owó ẹyọ, kí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó tó dé etíkun wa rárá. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ láàárín Majâbat, ẹnikẹ́ni ò sì padà wá gbé e. Bóyá omi ló tán. Bóyá ràkúnmí ló kú, tí wọ́n ní àwọn á padà wá. Ẹni tó ni idẹ, ẹni tó di ìdì náà, ẹni tó ń fọwọ́ kan àpò omi lálẹ́ àti ní òwúrọ̀, kò sí orúkọ ọ̀kan nínú wọn níbì kankan. Owó ẹyọ náà nìkan ló wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn babaláwo ṣì ń lò ní Kétu lónìí.